Boxer BM 150 ní àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn òkè, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìgbẹ́tì

Ẹni tó bá ń wá alùpùpù tí yóò máa gbé e gba àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn òkè láti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá Ìkòyí-Ilé lọ sí Ìgbẹ́tì, Kìṣí àti Ìgbòho kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ Boxer lẹ́nu ẹni tó bá bi léèrè. BM 150, èyí tí ilé-iṣẹ́ Bajaj ti orílẹ̀-èdè Íńdíà ń ṣe, ni mo ń gùn ní àwọn ọ̀nà wọ̀nyí lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, ìdájọ́ mi sì ni pé òun ló yẹ ọ̀pọ̀ nínú wa tí iṣẹ́ tàbí ìfẹ́ ìrìnàjò ń gbé gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ń tà á máa ń sọ. Agbára ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, agbára náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó sọ ọ́ di alùpùpù òkè lójú tèmi ni pé ó ṣòro kí a rí abúlé tó ní mẹ́káníìkì lójú ọ̀nà yẹn tí wọn kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u palẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tò ó padà.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ọ̀nà tí mò ń tọ́ka sí, nítorí pé lórí ọ̀dà tó dán, kò sí alùpùpù tí kò dára. Ẹni tó bá gbé Boxer láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn tó sì padà kò tíì dán an wò. Àwọn ọ̀nà tó yà kúrò lára títì ni mò ń sọ, èyí tí àwọn àgbẹ̀, àwọn tó ń sun èédú àti àwọn darandaran ń tọ̀ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, Ọlọ́runṣògo àti Ìrẹ́pọ̀, níbi tí àpáta ńláńlá ti yọrí sókè láàárín pápá, tí ọ̀nà sì ń ti ẹsẹ̀ àpáta kan bọ́ sí ti èkejì. Òkè ló yí ìlú Ìgbẹ́tì fúnra rẹ̀ ká, Òkè Ìyámọ̀pó sì wà lára wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó òkúta mábù jáde níbẹ̀ sì ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀nà jẹ́ tayọ ohun tí òjò nìkan lè ṣe. Ilẹ̀ yangí pupa ló pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà a gan ní ibì kan, a sì di eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yí lábẹ́ táyà ní ibòmíràn. Lójò, àgbàrá a wa kòtò gígùn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ibi tó bá sì jẹ́ iyanrìn a gbé táyà mì.

Àwọn òkè wọ̀nyí kò ga débi tí afẹ́fẹ́ yóò fi fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà ìpamọ́ ẹranko Old Oyo tó wà láàárín agbègbè náà kò ju nǹkan bí mítà 500 lọ sí orí omi òkun. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ẹ́ńjìnnì tó ń lo kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, nítorí pé bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń dín kù, tí epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì yóò sì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó lọ. Ní gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ a máa pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e lọ sí Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju mítà 1,500 lọ, yóò mọ̀ ọ́n lára. Ní tiwa níhìn-ín, kò sí ìdí láti fọwọ́ kan kábúrétọ̀ nítorí òkè, bí mẹ́káníìkì kan bá sì sọ fún yín pé ó yẹ kí òun yí i padà kí ẹ tó lọ sí Ìgbẹ́tì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ́ńjìnnì BM 150 jẹ́ onísílíńdà kan, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 144.8 cc. Agbára rẹ̀ tó nǹkan bí agbára ẹṣin 12. Fún ẹni tó ń gun òkè, iye yẹn kò ṣe kókó tó ibi tí agbára náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Boxer kì í dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké kó tó fà. Láti ìgbà tó bá ṣì ń yí pẹ̀lẹ́ ló ti ń fà. Bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè tí ẹ ti fi í sí jíà kejì, tí ẹ sì ń fún un níná díẹ̀díẹ̀, yóò máa fi sùúrù gun òkè náà lọ láìjẹ́ pé ẹ ń bá a jà. Àwọn alùpùpù kan wà tó lágbára jù ú lọ lórí ìwé, ṣùgbọ́n tí agbára wọn kì í jáde àfi tí ẹ bá fún wọn níná tó pọ̀, lórí òkúta wẹ́wẹ́, iná púpọ̀ yẹn gan-an ló ń mú kí táyà ẹ̀yìn máa yí lófìfo títí alùpùpù yóò fi fẹ́gbẹ́ lélẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà Ìkòyí-Ilé a máa sọ fún àlejò pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti yan jíà yín o." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ jíà láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò pàdánù eré tó fẹ́ fi dé òkè, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú mọ́ ọn lábẹ́. Bí ó bá kú bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi alùpùpù sílẹ̀ nínú jíà, ẹ́ńjìnnì tó ti kú yẹn ni yóò di àgbá ẹ̀yìn mú kó má baà yí padà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa tú u padà, láti sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tó tẹ́jú. Kíkì tí wọ́n fi sílẹ̀ lára Boxer wúlò gan-an ní irú ibẹ̀ yẹn. Bátìrì lè kú, bọ́tìnnì ìtaná lè má dáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ ní ohun tí yóò fi tan Boxer.

Sísọ̀ kalẹ̀ ló le ju gígòkè lọ, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù yìí fara balẹ̀ kà mí. Búrékì inú ìlù ni wọ́n ṣe sí àgbá méjèèjì BM 150 tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákié dé ọgbà yunifásítì LAUTECH, búrékì yẹn tó ó sì ṣẹ́kù, ó sì ní àǹfààní tí kò ṣe é gbójú fò: eruku àti òkúta kì í tètè wọ inú rẹ̀, owó tí a fi ń pààrọ̀ bàtà rẹ̀, èyí tó ń há mọ́ ìlù láti dá àgbá dúró, kò pọ̀, kò sì sí omi búrékì tó lè jò. Àmọ́ ìlù náà kò ní ọ̀nà tí ooru fi ń tètè jáde. Ẹni tó bá tẹ búrékì mọ́lẹ̀ láti orí òkè gígùn kan dé ìsàlẹ̀, tó sì gbé èrò tàbí ẹrù sẹ́yìn, yóò rí i pé bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ tó ni ó ń ṣiṣẹ́ dín kù, nítorí pé bàtà inú rẹ̀ ti gbóná ju bó ti yẹ lọ. Gbogbo ìlù búrékì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dá alùpùpù dúró. Ẹ wọ jíà kìíní tàbí ìkejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ jọ̀wọ́ iná pátápátá, ẹ má tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan búrékì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré. Ẹ́ńjìnnì Boxer dára púpọ̀ fún èyí. Ó ń di ara rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí òkè bá sì gùn, ẹ ó dé ìsàlẹ̀ tí ìlù búrékì yóò ṣì tutù.

Àṣà kan wà tí mo kórìíra, tó sì pọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ fi epo pamọ́: wọn a pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè, wọn a sì jẹ́ kí alùpùpù máa sáré lọ fúnra rẹ̀. Èrè epo tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kò tó ohun tí a fi ń ra omi mu, gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé wọn sì ti kù sórí bàtà búrékì méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá tẹ búrékì iwájú gírígírí nígbà tó ń yí kọ́nà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Àgbá iwájú yóò yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kí kọ́nà tó dé ni kí ẹ ti dín eré kù.

Bí ẹ bá la odò kọjá, omi yóò wọ inú ìlù, búrékì kò sì ní mú dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ẹ máa lọ pẹ̀lẹ́ kí ẹ sì fẹsẹ̀ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ títí ooru yóò fi gbẹ ẹ́.

Ní ti táyà, èyí tó bá alùpùpù náà wá láti ilé-iṣẹ́ wà fún títì. Ìlà orí rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó fún yangí tó rọ̀ lójò, mo sì rò pé ẹni tó fẹ́ máa gba òkè gbọ́dọ̀ ra táyà tó ní eyín gbàǹgbà gbàǹgbà fún ẹ̀yìn, ó kéré tán. Àwọn fọkanáísà mọ irú rẹ̀ dáadáa, ó sì wà lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́. Yóò máa hó díẹ̀ lórí ọ̀dà, kò sì ní tọ́jọ́ tó ti títì, àmọ́ kò sí ohun tí ẹ lè ná owó lé tí yóò yí ìwà Boxer padà lórí òkè bíi rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn pé kí ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n túúbù ló wà nínú táyà wa, bí afẹ́fẹ́ bá sì kéré jù, òkúta tó mú ẹnu yóò ti táyà wọlé, ríìmù yóò sì gé túúbù sí ojú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú túúbù tuntun kan dání, ẹ mú páǹpù ọwọ́, ẹ sì mú ohun èlò tí a fi ń tú táyà. Láàárín Ìkòyí-Ilé àti Ìgbẹ́tì, ibi tí túúbù bá ti bẹ́ lè jìnnà sí fọkanáísà tó sún mọ́ yín jù.

Àgbá onísípókì ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ti alọ́ì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alọ́ì ló dára lójú. Sípókì a máa tẹ̀, a máa já lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá mọṣẹ́ yóò sì tọ́ àgbá náà padà lábẹ́ igi máńgòrò láàárín wákàtí kan. Alọ́ì tó bá là kò ní àtúnṣe tí ẹ lè fọkàn tán títí ẹ ó fi padà sílé.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn dára fún ẹrù, ó sì le díẹ̀ fún ẹni tó dá nìkan wà lórí rẹ̀. Mo gbà pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, nítorí pé ẹrù ni wọ́n ṣe Boxer fún. Àga rẹ̀ gùn, ó sì gba ènìyàn méjì dáadáa. Lórí òkúta, ẹ dìde dúró lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí alùpùpù máa mì lábẹ́ yín. Ẹni tó bá jókòó gbagidi ni yóò máa ráhùn nípa ṣọ́ọ̀kì. Ẹrù ni kí ẹ dá lẹ́jọ́ dáadáa. Àpò gàrí tàbí àpò èédú tí wọ́n so mọ́ kárííà kọjá àgbá ẹ̀yìn yóò máa gbé iwájú sókè nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ọwọ́ yín kò sì ní darí ohunkóhun mọ́. Ẹ sún ẹrù síwájú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ó bá ṣeé ṣe.

Mo ti sọ ọ́ níṣàájú pé mẹ́káníìkì abúlé ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Ohun tó ń bàjẹ́ lórí òkè kì í ṣe ohun àràmàǹdà: wáyà kílọ́ọ̀ṣì tó já, pọ́lọ́ọ̀gì tó dọ̀tí, ṣéènì tó yọ, apá jíà tó tẹ̀ nígbà tí alùpùpù ṣubú, kábúrétọ̀ tí ìdọ̀tí epo dí. Gbogbo ìwọ̀nyí lára Boxer ló ní ẹni tó lè ṣe é àti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà rẹ̀, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ibẹ̀ fi ń jẹun, ẹni tó sì fi nǹkan jẹun kò lè jẹ́ kó kú sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sórí igi àgbá, tó tú kábúrétọ̀ sí orí àpò sìmẹ́ńtì, tó fi epo fọ̀ ọ́, tó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, tó sì tò ó padà láìwo ìwé kankan. Owó tó gbà kò tó ohun tí ẹlòmíràn yóò gbà láti wò ó lásán ní ìlú ńlá. Irú ìmọ̀ báyìí kì í bá alùpùpù wá nínú páálí, lójú mi, ó sì yẹ kí a máa kà á mọ́ iye tí alùpùpù náà jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò ni ti ẹ̀yà ayédèrú. Nítorí pé Boxer pọ̀, ẹ̀yà ayédèrú rẹ̀ náà pọ̀. Ṣéènì ayédèrú a máa gùn sí i kíákíá, a sì jẹ eyín tó gbé e. Bàtà búrékì ayédèrú a dán, kò sì ní mú. Ẹ ra ṣéènì, bàtà búrékì àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì ojúlówó ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́ kí ẹ tó gbéra, ẹ gbé e dání, kí ẹ wá jẹ́ kí mẹ́káníìkì abúlé fi ọwọ́ rẹ̀ tó já fáfá bá yín wọ̀ ọ́.

Nípa ìtọ́jú, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá tó burú jù. Àlẹ̀mọ́ eruku máa ń dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á wá máa jẹ epo, kò sì ní lè gòkè mọ́. Ẹ tú asẹ́ rẹ̀ wò nígbàkígbà tí ẹ bá ti ìrìnàjò dé lásìkò ọyẹ́. Ọ́ìlì 20W-50 ni ẹ́ńjìnnì náà ń lò. Níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ nìkan ti ń tù ú, tí ènìyàn sì ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú oòrùn, ọ́ìlì a máa tètè rẹ̀ ju ti ẹni tó ń sáré lórí títì lọ, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú àkókò tí ìwé sọ. Ṣéènì tó wà ní gbangba ń fẹ́ òróró díẹ̀, kì í ṣe gíríìsì tí eruku yóò lẹ̀ mọ́. Táǹkì rẹ̀ gba lítà epo 11, èyí tó tó láti lọ sí Ìgbẹ́tì láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí a sì padà láìra epo inú ìgò, tí ìdọ̀tí àti omi máa ń wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí n kò yan alùpùpù tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀nà búburú. Yamaha AG100 wà, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbẹ̀, tí ṣéènì rẹ̀ wà nínú àpótí tí eruku kò lè wọ̀. Honda XL125 náà wà, tí àgbá iwájú rẹ̀ tóbi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ga. Lórí òkúta, kò sí àríyànjiyàn: àwọn méjèèjì sàn ju Boxer lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe wọ́n. Àmọ́ bí nǹkan kan bá ṣẹ́ lára wọn ní Kìṣí, ẹ ó gbé wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù padà sílé. Ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn tó lè kó ẹ̀yà ránṣẹ́ sí i lè rà wọ́n. Alágbàṣe, olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé, nọ́ọ̀sì tó ń lọ fún ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, Boxer ni kí wọ́n rà.

Ẹni tó fẹ́ fi í ṣe afẹ́ náà yóò gbádùn rẹ̀. Ó lè gbé yín dé ẹsẹ̀ Òkè Adó-Àwáyé, níbi tí ẹ ó ti fi í sílẹ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn 369 lọ sí ọ̀dọ̀ Adágún Ìyákẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọgbà Old Oyo ló wù yín, ẹ rántí pé ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni láti ọdún 1991, ó sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó; ẹnikẹ́ni kì í dá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù láìgba àṣẹ, ọ́fíìsì wọn sì wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ní gbogbo ọ̀nà tó bá kan igbó, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó kẹ́yìn bóyá ọ̀nà dára lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ní ti ojú ọ̀nà nìkan, ní ti ààbò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ẹ padà. Akoto gbọ́dọ̀ wà lórí ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó gbé sẹ́yìn, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ onípò A ni ti alùpùpù, kò sì yẹ kí òkè mú wa gbàgbé ìyẹn nítorí pé kò sí àwọn Rood Sefiti níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń rà á ní tuntun fún iṣẹ́ yìí, ẹ ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, irin eléyín tí ṣéènì ń yí, tó ní eyín díẹ̀ sí i rọ́pò ti ilé-iṣẹ́. Eré rẹ̀ lórí títì yóò dín kù, ṣùgbọ́n yóò máa fà gan-an ní jíà kìíní, òun náà ni yóò sì máa di ara rẹ̀ mú jù nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì wọn ṣéènì mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí èyí tó bá alùpùpù wá láti ilé-iṣẹ́ lè má gùn tó mọ́.